Àṣìṣe Inú Fọ́ọ̀mù JAMB: Èyí tí A Lè Tún Ṣe àti Èyí tí Kò Dúró de Ọ̀la

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dààmú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọmọ tí ó fi ìkánjú forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, tí ó padà délé, tí ó yọ ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, tí ó sì rí i pé nǹkan kan nínú rẹ̀ kò rí bí ó ti yẹ. Láti ọjọ́ náà lọ, oúnjẹ kì í dùn mọ́ ọn lẹ́nu mọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a máa yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí ẹní. Bàbá rẹ̀ tí ó ta kòkó, tàbí ìyá rẹ̀ tí ó kó èésú láti fi san owó fọ́ọ̀mù náà, kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù kò jẹ́ kí ọmọ náà lè sọ ọ́.

A kọ ọ̀rọ̀ yìí láti ṣàlàyé irú àṣìṣe tí ó lè ba iṣẹ́ jẹ́, àti irú èyí tí kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ ṣàìsùn. Ẹni tí ó bá mọ̀wé kà nínú yín, kí ó jọ̀wọ́ kà á sókè sí etí ìgbọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà, nítorí pé owó òbí ni a fi ń ra fọ́ọ̀mù, àwọn òbí ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ nínú ìyà rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́.

Kí ó tó di ọdún 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba ọmọ wọlé fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ lọ sí Ìbàdàn yóò kọ̀wé sí Ìbàdàn. Bí ó bá tún fẹ́ dán Ifẹ̀ tàbí Èkó wò, yóò kọ òmíràn sí wọn. Ọmọ kan ṣoṣo lè gba àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó jókòó sí ọ̀kan, kí méjì yòókù sì ṣófo, nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn ń sunkún àtirí ọ̀kan péré. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí Ìjọba Àpapọ̀ dá àjọ JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978. Ní ọdún 2010, wọ́n pa ìdánwò ti yunifásítì pọ̀ mọ́ ti polì àti ti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n sọ wọ́n di ẹyọ kan. Láti ọdún 2015 sì ni gbogbo ọmọ ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ìlànà yìí dára, ó sì ti mú kí eré àwọn ọmọ láti ìlú dé ìlú dínkù. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wá wà nísinsìnyí fún ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ṣìwé kọ sí Èkó ṣì ní ti Ìbàdàn lọ́wọ́. Lónìí, fọ́ọ̀mù kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọmọ bá yàn yóò wò. Kò yẹ kí a fi ọmọ ṣẹ̀sín bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀.

Ibo ni ìkánjú ti ń wá? Àkókò ìforúkọsílẹ̀ kì í ju bí oṣù kan lọ. Ní ọdún 2025, ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Ẹlòmíràn ń dúró de owó, ẹlòmíràn kò tí ì mọ ohun tí ó fẹ́ kọ́, ẹlòmíràn kò sì tí ì gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo wọn yóò rọ́ lọ sí ilé ìdánwò oníkọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí ó wọ ọkọ̀ láti abúlé ní ìdájí yóò tò títí oòrùn yóò fi wọ̀. Nígbà tí ó bá kàn án, ẹni tí ń tẹ kọ̀ǹpútà ti rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, ojú sì ń ti ọmọ láti sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á ná.” Kì í ṣe àfojúdi. Kí wọ́n tó tẹ ìwé náà jáde, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀tọ́ ọmọ sì ni kí ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó bá lò níbẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ì bá fi máa sáré kiri.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú àwọn àṣìṣe náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ṣòro jù lọ ni ti orúkọ, òun ni a ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Láti ọdún 2021, kò sí ẹni tí ó lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò náà láìní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí àjọ NIMC ń fún ọmọ orílẹ̀-èdè, èyí tí à ń pè ní NIN. Ìdí ẹyọ mọ́kànlá ni nọ́ńbà náà jẹ́. Ọmọ yóò kọ NIN sínú àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù, yóò fi àlàfo sí i, yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ lé e, yóò sì fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Wọn yóò dá àmì ẹlẹ́yọ mẹ́wàá kan padà sí i, àmì yìí ni yóò sì fi forúkọ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé orúkọ, ọjọ́ ìbí, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, láti ọwọ́ NIMC ni wọ́n ti ń wá tààrà. Kì í ṣe ẹni tí ń tẹ kọ̀ǹpútà ni ó kọ wọ́n. Nítorí náà, bí orúkọ bá ṣì nínú ìwé JAMB, asán ni kí a máa bá òṣìṣẹ́ ilé ìdánwò jà. Inú ìwé NIMC ni àṣìṣe náà wà, ibẹ̀ ni a ó sì ti kọ́kọ́ tún un ṣe, kí a tó padà wá bá JAMB.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ orúkọ àwa Yorùbá ti rí. Ní ọdún 1875, àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ Ọlọ́run pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀, láti ìgbà náà ni ẹ, ọ, àti ṣ tí ó ní àmì nísàlẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àwọn àjọ wọ̀nyí kì í gba àmì náà. Ọmọ tí ń jẹ́ Ṣẹ́gun, olùkọ́ kan yóò kọ ọ́ ní Segun, òmíràn yóò kọ ọ́ ní Shegun, bí a ti ń rí Sagamu àti Shagamu lórí pátákó ojú ọ̀nà kan náà. Ẹnì kan yóò kọ Oluwaseun, ẹlòmíràn yóò gé e kúrú sí Oluseun. Ìyá tí ó mú ọmọ lọ gba NIN lè pe orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, kí ó sọ pé Bọ́sẹ̀ ni ó ń jẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé Abọ́sẹ̀dé ni wọ́n kọ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Lójú wa, ẹnì kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ni.

Kí ni kí a ṣe sí i? Kí òbí tẹ́ ìwé mẹ́ta sílẹ̀ lórí tábìlì kan: ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé NIN, àti ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC tàbí NECO. Kí wọ́n ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ó dára jù láti ṣe èyí ni ìgbà tí ọmọ bá wà ní kíláàsì karùn-ún ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà, nítorí àyè ṣì wà nígbà náà láti bẹ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n bá NIN mu, tàbí láti lọ bá NIMC. Àtúnṣe ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ NIMC, owó rẹ̀ kò kéré, kì í sì í yá. Àwọn òbí tí ó ń gé ọjọ́ orí ọmọ kúrú, tàbí tí ó ń fi kún un, kí wọ́n rántí pé ìwé kan yóò máa tako èkejì títí ọmọ náà yóò fi dàgbà.

Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, tí ó kàn jẹ́ pé èyí tí ó ṣáájú nínú ìwé kan ni ó kẹ́yìn nínú èkejì, ní ojú tiwa, èyí kò tó ohun tí ó yẹ kí ó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Orúkọ kan náà ni wọ́n. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá béèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ wà tí a lè fi ṣàlàyé. Bákan náà ni ti àwòrán. Ọmọbìnrin tí ó ń bínú pé ojú òun wú nínú àwòrán tí wọ́n yà fún òun lọ́jọ́ náà, kí ó fara balẹ̀. Wọn kò fi ẹwà gba ọmọ wọlé.

Ọ̀rọ̀ fóònù kò kéré bí ó ti jọ. Nọ́ńbà fóònù kan, ọmọ kan ni. Ẹni méjì kò lè fi nọ́ńbà kan náà forúkọ sílẹ̀, ìdí nìyí tí Táíwò àti Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ ń lo fóònù kan fi gbọ́dọ̀ wá síìmù kejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ìkánjú, ọmọ mìíràn a lo síìmù ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé níbi ìforúkọsílẹ̀, tàbí ti ẹ̀gbọ́n tí ó ń lọ sí òkè òkun lóṣù tí ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí, gbogbo iṣẹ́ tí JAMB bá rán, ọ̀dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni yóò máa lọ. Síìmù òbí tàbí ti ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ó lò, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó sọnù.

Àṣìṣe tí kò dúró de ọ̀la ni ti iṣẹ́ mẹ́rin tí ọmọ yóò ṣe ìdánwò nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni dandan fún gbogbo ènìyàn, ìbéèrè 60 ni ó ní. Iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 180, máàkì 400, fún wákàtí méjì. Iṣẹ́ mẹ́ta yòókù yìí gbọ́dọ̀ bá ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́ mu. Ẹni tí ó fẹ́ di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mú Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Báyọ́lọ́jì. Ẹni tí ó fẹ́ di ẹnjiníà gbọ́dọ̀ mú Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísìrì. Bí ọmọ tí ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì bá fi Ìṣirò sí àyè Físíìsì, ó lè gba máàkì 300, kí ó sì tún pàdánù àyè náà. A rí i pé àṣìṣe yìí ni ó burú jù, nítorí pé lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jókòó ṣe ìdánwò, kò sí ẹni tí ó lè fi máàkì Físíìsì sí ibi tí kò ti ṣe Físíìsì. Nítorí náà, kí ọmọ tí ó bá rí i nínú ìwé rẹ̀ má ṣe fi pamọ́ fún òbí rẹ̀. Kí wọ́n lọ sí ilé ìdánwò oníkọ̀ǹpútà tí JAMB fọwọ́ sí ní ọjọ́ kejì gan-an, kí wọ́n san owó àtúnṣe, kí ọjọ́ tí àjọ náà dá tó kọjá. Bí ti ilé ìdánwò kò bá yanjú rẹ̀, ọ́fíìsì JAMB wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ mú ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé NIN lọ́wọ́, kí òbí sì tẹ̀ lé e, nítorí pé ohùn àgbà máa ń rànlọ́wọ́ níbi tí èrò bá pọ̀ sí.

Ti ilé-ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí ọmọ yàn kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń sunkún pé nínú ìkánjú àwọn fi ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn fẹ́ràn ṣe èkejì dípò èkíní. Òótọ́ ni pé àwọn yunifásítì tí ó lókìkí kì í sábà mú ẹni tí ó fi wọ́n ṣe èkejì. Ṣùgbọ́n JAMB máa ń ṣí ìlẹ̀kùn fún ìyípadà lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó gbọ́n a sì dúró de èsì yìí, kí wọ́n tó mọ ibi tí agbára wọn mọ. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó ṣìnà lóṣù kejì ṣì lè padà sójú ọ̀nà nígbà tí èsì bá dé.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ní àwọn yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀, ìlànà wọn ni pé kí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, kí ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, kí ìdá 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tí ì gbilẹ̀ níbẹ̀ tó. Ọmọ Ọ̀ṣun tí ẹnì kan kọ ọ́ sí ìpínlẹ̀ mìíràn lè pàdánù ìdá 35 yìí láìmọ̀. Kí a má ṣe pè é ní ohun kékeré.

Nípa ti ìwé mẹ́wàá, a gba ọmọ tí ń dúró de èsì láàyè láti forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì bá dé, iṣẹ́ kù. Ọmọ gbọ́dọ̀ padà lọ sí ilé ìdánwò oníkọ̀ǹpútà kí wọ́n bá a gbé èsì náà sí ojú ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ JAMB. Ọ̀pọ̀ ń rò pé WAEC yóò fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì jókòó sílé títí àwọn ẹgbẹ́ wọn fi wọlé. Èyí kì í ṣe àṣìṣe ìkánjú, àṣìṣe ìjókòó ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣèdíwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọkàn ọmọ kò balẹ̀, wọn yóò dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn pé àwọn mọ ẹnì kan ní Àbújá tí yóò tún orúkọ ṣe, tí yóò sì fi máàkì díẹ̀ kún un. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá fún wọn ní àmì àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìka ara rẹ̀ tẹ ohun tí ó jẹ́ pé ìka ọmọ ni ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú rẹ̀.

Bí ọmọ bá sì rò pé òun nìkan ni ó ń ṣìṣe láyé, kí a sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 fún un. Ní ọdún náà, èsì 1,955,069 ni JAMB gbé jáde, ariwo sì ta káàkiri pé máàkì ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àjọ náà yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, ó sì rí i pé àtúnṣe kan tí ó yẹ kí wọ́n ṣe sí ètò kọ̀ǹpútà kò dé ilé ìdánwò 65 ní Èkó àti 92 ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, nítorí náà wọn kò gba ìdáhùn àwọn ọmọ ibẹ̀ bí ó ti yẹ. Ọmọ 379,997 ni ó kàn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tí ó jẹ́ olórí àjọ náà bọ́ sí iwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí tún ìdánwò ṣe. Ìtìjú ńlá ni fún àjọ tí ó tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò bò ó mọ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà ni àtúnṣe bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fún ọmọ ní àyè, orí ètò kan tí wọ́n ń pè ní CAPS, tí JAMB ti ń lò láti ọdún 2017, ni yóò ti rí i. Kò tó kí ó rí i kí ó sì máa jó. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà tàbí òun kò gbà. Nígbà mìíràn, ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi iṣẹ́ mìíràn lọ̀ ọ́ dípò èyí tí ó béèrè, yóò sì ní láti dáhùn èyí náà kí àyè náà tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí ọmọ tọ́jú síìmù àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ títí yóò fi tẹ lẹ́tà ìgbàwọlé jáde, kí ó sì máa lọ wo ojú ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ì báà ṣe ọjọ́ ọjà ni ó ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lò.